Oyún Ìyá, Oyún Ọmọ

Obìnrin aránṣọ yìí ti gbà pé òun ti dágbére fún nǹkan oṣù. Nígbà tí kò rí i mọ́, ó ní àgbà ló dé yẹn, ó sì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Àkọ́bí rẹ̀ obìnrin, tó ti wà nílé ọkọ, lóyún. Kaba aboyún tọmọ náà máa wọ̀ ló ń rán lọ́jọ́ tí nǹkan sọ kúlú nínú ikùn ìyá fúnra rẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró lórí ẹ̀rọ. Abiyamọ ni, kò sẹ́ni tó máa túmọ̀ ìyẹn fún un.

Ojú tì í. Kì í ṣe oyún náà gan-an, bí kò ṣe ohun tó máa wí fáyé: pé òun àti ọkọ òun, akunlé onírùngbọ̀n funfun, ṣì ń sún mọ́ra wọn lẹ́yìn tí wọ́n ti fọmọ fọ́kọ. Nígbà tó sọ fún bàbá náà, ẹ̀rín ló ń rín.

"Ṣé a jí i ni?"

"Ẹ rọra sọ̀rọ̀. Ojú wo ni mo fẹ́ fi wo àwọn àna wa?"

Aṣọ gbàgẹ̀rẹ̀ ló ń wọ̀ kiri. Bí àwọn oníbàárà bá béèrè, á ní ooru ló ń mú òun. Nígbà tó yá, ó yọ́ lọ sílé ìwòsàn àwọn aláboyún. Àwọn ọmọge ẹgbẹ́ ọmọ rẹ̀ ló kún orí bẹ́ǹṣì.

"Ẹ kú àárọ̀, Mà," nọ́ọ̀sì kí i. "Ọmọ yín dà?"

Kó tó ronú, ẹnu rẹ̀ ti dáhùn: "Ó ń bọ̀."

Àfi bí ẹni pé ó fẹnu pè é. Ọmọ rẹ̀ yọ lẹ́nu ọ̀nà, ó ń mí gúlegúle.

"Màámi, ta ló sọ fún yín pé òní ni mò ń bọ̀?"

"Ọkàn mi ló sọ fún mi."

Inú ọmọ dùn, ó dì mọ́ ìyá rẹ̀. Ibẹ̀ ni àṣírí ti tú. Ikùn le koko kan ikùn, ọlẹ̀ sì tún yí. Ọmọ náà sún sẹ́yìn.

"Màámi, kí lèyí?"

Aránṣọ wolẹ̀.

"Ẹ̀yin àti Bàámi..." Kò parí rẹ̀. Ó wo àwọn tó jókòó, bóyá wọ́n gbọ́. Ìwò yẹn dun ìyá rẹ̀ ju èébú lọ: ojú ń ti ọmọ nítorí òun. Síbẹ̀, nígbà tí nọ́ọ̀sì pe ọmọ náà wọlé, ohun tó sọ ni pé, "Ẹ kọ́kọ́ yẹ ìyá mi wò. Àwọn náà lóyún."

Ẹ̀jẹ̀ ìyá náà ti ń ru. Wọ́n fún un lóògùn, wọ́n sì ń ṣọ́ ọ. Ọmọ-ọmọ ló kọ́kọ́ dé, kí aránṣọ náà tó bí ọmọkùnrin tirẹ̀ ní wọ́ọ́rọ́wọ́.

Lọ́jọ́ kan, oníbàárà kan rí ọmọkùnrin náà lẹ́yìn aránṣọ.

"Ọmọ-ọmọ yín yìí mà jọ yín o."

"Ẹ ṣé," ó dáhùn.

Ọkọ rẹ̀ ń kun férémù ilẹ̀kùn nítòsí. Ó gbé búrọ́ọ̀ṣì sílẹ̀, ó wo ọmọ. Eré ni ìtìjú ti tẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí. Aránṣọ ti sẹ́ ọmọ tó pọ̀n sẹ́yìn.

Nígbà tí oníbàárà náà padà wá gba aṣọ, aránṣọ ń ká a, kò gbójú sókè.

"Ọmọ tẹ́ ẹ rí lọ́jọ́sí, èmi ni mo bí i."

"Ẹ̀yin?"

"Èmi."

Ojú ṣì ń tì í bó ṣe ń gbé aṣọ náà lé e lọ́wọ́.