Ọyẹ́ tí A Kò Ta Òróró sí Ṣéènì Bàbá

Èmi ò lè gbọ́ ariwo ṣéènì gbígbẹ kí n dákẹ́. Bí zém, ọlọ́kadà akérò, bá gbé mi lónìí, tí mo gbọ́ tí ṣéènì ọ̀kadà rẹ̀ ń ké, màá ní kó dúró kí n sọ̀ kalẹ̀. Inú àwọn ọmọ náà kì í dùn. Wọ́n á ní tata yìí, àǹtí yìí, mà lẹ́jọ́ o. Kí wọ́n máa sọ ọ́. Ẹni tí kò bá lè tọ́jú ohun tó ń gbé e kiri, kò yẹ kó gbé ọmọ ẹlòmíì sẹ́yìn.

Ilé wa ní Tchaourou, ní ilẹ̀ Benin, ni mo ti kọ́ ọ, lọ́wọ́ bàbá mi. Kẹ̀kẹ́ kan ṣoṣo ni Bàbá gùn láyé rẹ̀, kẹ̀kẹ́ dúdú gíga, onírin lẹ́yìn, tí ó rà ní apá Nàìjíríà kí wọ́n tó bí mi. Òun ló ń gbé e lọ sóko ní ọ̀nà Sanson. Bó bá ti kírun àsùbá tán, a ó gbọ́ tí ó ń ti kẹ̀kẹ́ jáde lẹ́nu ọ̀nà, a ó sì mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́. Iṣu àti kajú ló ń gbìn níbẹ̀. Kò sí ohun tí kẹ̀kẹ́ yẹn ò gbé rí: iṣu, igi ìdáná, ewúrẹ́, àwa ọmọ, àti ìyá wa nígbà tó lóyún àbúrò mi.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni ọjọ́ ìtọ́jú kẹ̀kẹ́. Bàbá á gbé kẹ̀kẹ́ ti ògiri ilé ìdáná, á tẹ́ àkísà sílẹ̀, á gbé ìgò òróró sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àkísà ló ṣáájú òróró, bó ṣe máa ń wí nìyẹn. Á kọ́kọ́ fi epo àtùpà díẹ̀ fọ ṣéènì, á nù ún títí irin á fi funfun. Lẹ́yìn náà á máa yí pẹ́dà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀, á máa kán òróró sí oríkèé ṣéènì lọ́kọ̀ọ̀kan. Yóò jẹ́ kó mu ún, yóò sì tún mú àkísà, yóò nu gbogbo èyí tó kù lójú ṣéènì dànù. Ó ní èyí tó wọnú ni ti kẹ̀kẹ́, èyí tó kù síta, ti eruku ni.

Ní ti irú òróró tó yẹ, ẹ má dá ọ̀rọ̀ yẹn sílẹ̀ níwájú rẹ̀ bí ẹ bá níbi tí ẹ ń lọ. Ẹnìkọ̀ọ̀kan ní Tchaourou ló ní tirẹ̀. Àwọn kan ń fi epo pupa, ó ń dì mọ́ ṣéènì bí ọbẹ̀ àná. Ìyá wa gbà pé kò sí ohun tí òrí kò lè ṣe lábẹ́ ọ̀run, ó sì fi ra ṣéènì náà nígbà kan tí Bàbá ò sí nílé, àfi bí ìgbà tí èèrà gbọ́ ìkéde, wọ́n bò ó. Àwọn ọlọ́kadà fẹ́ràn òróró fidáńjì, ìdọ̀tí dúdú tí wọ́n dà jáde lára ẹ́ńjìnnì. Bàbá ní omi ìwẹ̀ ẹlòmíì ni yẹn, ta ló ń fi omi ìwẹ̀ ẹlòmíì wẹ̀? Gíríìsì tó ki, ó ní ó dára fún ìgbà òjò, nítorí omi ò tètè ṣí i lára irin, ṣùgbọ́n bí ọyẹ́ bá dé, gbogbo iyanrìn ọ̀nà Sanson ni yóò lẹ̀ mọ́ ọn. Lásìkò ọyẹ́, òróró ẹ̀rọ ìránṣọ ló ń lò, èyí tó fẹ́lẹ́, tó ń wọ ibi kékeré. Èmi ni mò ń bá a rà á nítòsí ibùdó ọkọ̀ ojú irin, lọ́wọ́ àwọn tó ń kó ọjà gba ọ̀nà Kíka wọlé láti Nàìjíríà. Kódà lẹ́yìn tí mo lọ sílé ọkọ, mi ò jẹ́ kí ẹlòmíì bá a rà á.

Ọjọ́ ogbó dé sí i. Ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ìbàdí rẹ̀ kò sì jẹ́ kó lóṣòó mọ́. Àbúrò mi ọkùnrin, tó ń fi ọ̀kadà ṣe zém, tó sì ń gbé lọ́dọ̀ wọn, ló wá ń ta òróró sí ṣéènì náà ní ọjọ́ Jímọ̀, tí Bàbá á dúró tì í, á máa sọ pé, níbẹ̀ yẹn, rárá, èyí tó tẹ̀ lé e. Inú àwọn méjèèjì máa ń dùn sí i. Mo sì ń wò wọ́n, mò ń rò pé báyìí ni yóò máa rí títí lọ.

Lẹ́yìn tí wọ́n wa iṣu tán lọ́dún kan, Bàbá ti oko dé pẹ̀lú èjìká wíwú. Ó ní òun ò sọ̀ dáadáa lórí kẹ̀kẹ́ ni. A gbà bẹ́ẹ̀. Nígbà tó ṣe, obìnrin Fúlàní kan tó ń ta wàrà wá kí i, ó sì ṣàlàyé fún ìyá wa pé nínú kòtò lòun ti bá a lọ́nà Sanson, kẹ̀kẹ́ lórí rẹ̀, iṣu lórí kẹ̀kẹ́, kò lè dìde. Òun ló wọ́ kẹ̀kẹ́ kúrò lára rẹ̀, ó sì jókòó tì í títí ọmọlanke kan fi kọjá. Ìyá wa gbọ́ ọ, ó káwọ́ lérí.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, àkọ́bí wa, tó ń ṣiṣẹ́ ní Parakou, wá sílé. Ilé mi la ti pàdé, kí Bàbá má bàa gbọ́. Gbogbo wa la gbà pé kò gbọ́dọ̀ gun kẹ̀kẹ́ mọ́. Ta ni yóò sọ fún un ni ìjà. Ìyá wa ní kò ní í jáde lẹ́nu òun. Àbúrò mi ń wo ilẹ̀. Mo ní kí ẹ̀gbọ́n mi lọ sọ ọ́, ṣebí òun ni àkọ́bí. Ó ní ọmọ tó bá lè ní kí bàbá rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́, lọ́la ni yóò ní kó dìde lórí àga. Ó ní a kì í wo ojú àgbà sọ fún un pé agbára rẹ̀ ti tán. Ó wá mú àbá tirẹ̀ jáde: kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan ṣéènì náà mọ́. Ọyẹ́ ti ń bọ̀. Kí a jẹ́ kí eruku ṣe é. Bó bá yá, kẹ̀kẹ́ fúnra rẹ̀ yóò sọ fún Bàbá pé ó tó.

Inú bí mi. Mo ní ìyẹn kì í ṣe ọ̀wọ̀, ìbẹ̀rù tó wọ agbádá ni. Mo ní èmi á máa ra òróró mi lọ, èmi á sì tà á sí i fúnra mi. Ìyá wa ló pa mí lẹ́nu mọ́. Ó dì mí lọ́wọ́ mú, ó ní, “Bí o bá ta òróró sí i, tó gùn ún, tó ṣubú kú, ọwọ́ rẹ la máa wò.” Mò ń ra òróró, mò ń gbé e fún un, mi ò sì fọwọ́ kan ṣéènì.

Ohun tó ń ya mí lẹ́nu títí dòní ni pé àkókò náà kì í ṣe àkókò tí ẹnikẹ́ni ń dákẹ́. Ìṣèlú tuntun ti dé lẹ́yìn ìpàdé ńlá Cotonou tó fòpin sí ìjọba ẹgbẹ́ kan ṣoṣo, ẹnu gbogbo ènìyàn ti ṣí. Ní ibùdó àwọn zém, ojú ọ̀sán gangan ni wọ́n ń bú ìjọba. Àwọn àgbẹ̀ ń sọ̀rọ̀ lórí rédíò. Ẹ̀gbọ́n mi tí mò ń wí yìí, ó bá wọn ṣe ìwọ́de ní Parakou, ó ń pariwo pé kí àwọn aláṣẹ wá gbọ́ òtítọ́. Ó lè sọ òtítọ́ fún orílẹ̀-èdè, kò lè sọ ọ́ fún bàbá arúgbó kan.

Ọyẹ́ dé. Ṣéènì náà kọ́kọ́ ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, ó wá ń ké. Kí a tó rí Bàbá ní ìrọ̀lẹ́, a ti gbọ́ ọ láti ìkòríta. Ọ̀kadà àbúrò mi dúró lágbàálá kan náà, ṣéènì tirẹ̀ ń dán. Bí Jímọ̀ bá dé, Bàbá yóò gbé kẹ̀kẹ́ ti ògiri, yóò tẹ́ àkísà, yóò gbé ìgò sílẹ̀, yóò jókòó. Àbúrò mi á jáde, á dọ̀bálẹ̀ kí i, á mú kọ́kọ́rọ́ ọ̀kadà, á lọ síṣẹ́. Bàbá á jókòó síbẹ̀ títí oòrùn á fi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, lẹ́yìn náà á ká àkísà, á gbé ìgò wọlé.

Ó gbìyànjú láti ṣe é fúnra rẹ̀ nígbà kan. Ọwọ́ gbígbọ̀n da òróró sí irin tí táyà jókòó lé, ibi tí bíréèkì ń dì mú gan-an. Ó tẹ bíréèkì, kò mú. Ó fi eérú nù ún lọ́jọ́ yẹn títí, kò sì tún gbìyànjú mọ́. Àwa tí a ní a ò fẹ́ kó ṣubú nìyẹn.

Mo bá a lórí àga lọ́jọ́ kan, ìgò tí mo rà fún un nígbà tí ọyẹ́ bẹ̀rẹ̀ kún síbẹ̀. Mo ní, Bàbá, kí ló dé tí ẹ ò gbé kẹ̀kẹ́ yìí lọ sọ́dọ̀ ọkùnrin tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ní ibùdó? Ó wò mí. Ó ní, “Bí mo bá gbé e lọ, yóò bi mí pé àwọn ọmọ mi dà.” Ó wá béèrè bí ara àwọn ọmọ mi ṣe le sí. Mo dáhùn, mo kí i, mo jáde. Mo sunkún láti ẹnu ọ̀nà wa dé ẹnu ọ̀nà ọkọ mi, àwọn tó ń kí mi lọ́nà rò pé ẹnì kan kú ni.

Ṣéènì náà já nígbẹ̀yìn. Ẹ̀gbọ́n mi gbọ́ ní Parakou, ó ránṣẹ́ pé a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó ti parí. Parí kẹ̀? Kẹ̀kẹ́ la gbà lọ́wọ́ Bàbá, oko ò kúrò lọ́kàn rẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, ó kírun àsùbá, ó ti kẹ̀kẹ́ aláìní-ṣéènì jáde, ó di ọwọ́ kẹ̀kẹ́ náà mú bí ọ̀pá, ó fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí ọ̀nà Sanson. Bó ṣe ń ṣe é lójoojúmọ́ nìyẹn. Ó ń di iṣu lé e, ó sì ń tì í bọ̀. Nígbà tó di ọjọ́ kan, wọ́n kírun mọ̀gàríbì tán, a ò rí i. Àbúrò mi gbé ọ̀kadà lọ wá a, ó bá a lẹ́bàá ọ̀nà tó jókòó, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, ó kọ̀ láti fi kẹ̀kẹ́ sílẹ̀ nínú igbó. Ìyá wa ránṣẹ́ sí gbogbo wa ní alẹ́ yẹn. Ó ní gígun kẹ̀kẹ́ la fẹ́ kó fi sílẹ̀, ó ti fi sílẹ̀, ṣé ó kù kí ó kú sọ́nà kí ọkàn wa tó balẹ̀?

Ní òwúrọ̀, gbogbo wa jókòó níwájú Bàbá. Ẹ̀gbọ́n mi dọ̀bálẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ yípo. Ó ní ọ̀nà kò dára mọ́. Ó ní ọyẹ́ ọdún yìí le. Ó ní iye owó kajú gan-an kò tó ohun tí ènìyàn ń dààmú fún. Bàbá jẹ́ kó sọ ọ́ títí ọ̀rọ̀ fi tán lẹ́nu rẹ̀.

Ó ní òun ti mọ̀ láti Jímọ̀ àkọ́kọ́. Ó ní ọmọ tó ń ta òróró sí ṣéènì tirẹ̀ lójoojúmọ́ kò lè sọ pé òun gbàgbé. Ohùn rẹ̀ kò le. Ì bá le, ì bá sàn fún wa.

“Nígbà tí ẹ wà ní kékeré, mò ń bá yín wí,” ó ní. “Ẹni a fẹ́ràn là ń bá wí. Èmi náà jókòó níbẹ̀ yẹn, mò ń retí kí ẹnì kan nínú yín wá bá mi wí. Gbogbo yín ń kí mi, ẹ ń dọ̀bálẹ̀, ẹ ń lọ.”

Ẹ̀gbọ́n mi ò gbé ojú sókè. Àbúrò mi ń sunkún. Ìyá wa ń fi etí ìró rẹ̀ nu ojú. Ọ̀rọ̀ tí mo ti fi pamọ́ láti ìgbà tí ọyẹ́ bẹ̀rẹ̀ wá já jáde, mi ò sì lè dá a dúró mọ́. Mo ní, “Bàbá, ẹ ṣubú, ẹ sì parọ́ fún wa! Inú kòtò lẹ wà, iṣu ló wà lórí yín, ọlọ́wàrà ló gbà yín. Bí kò bá kọjá ńkọ́? Ta ni màá máa pè ní bàbá? Ẹ ti darúgbó. Ọwọ́ yín ń gbọ̀n. Mi ò fẹ́ kí ẹ gun kẹ̀kẹ́ yẹn mọ́ láé, ẹ ò sì gbọ́dọ̀ fẹsẹ̀ rìn lọ síbẹ̀ mọ́, ọ̀kadà ọmọ yín wà nílẹ̀, òun ni yóò máa gbé yín lọ, yóò sì máa gbé yín bọ̀.” Mo sọ ọ́ débi tí èémí mi tán. Kò sí ọmọ tó bá bàbá rẹ̀ sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rí nílé wa, mo sì kúnlẹ̀ níbẹ̀.

Bàbá bi mí bóyá ọ̀rọ̀ mi ti parí.

Mo ní kò tíì parí.

Ó fa àga rẹ̀ sún mọ́ mi. Ó ní, “Máa wí lọ. Mo ń gbọ́.”