Èbù Monínúọlá

Ọlọ́kadà tó gbé mi láti Òkè-Ìlá l'Ádó níbí lọ sọ́jà nínú oṣù Ṣẹẹrẹ ló sọ fún mi pé ogún tírélà iṣu ń bọ̀ láti Bẹ́núè, pé tó bá fi máa di ọ̀sẹ̀ kejì, iṣu á pọ̀ débi pé èèyàn ò ní fẹ́ rà á mọ́. Mo gbà á gbọ́ dé ìdajì. Ìdajì yẹn náà ló tó fún mi láti pe ọ̀rẹ́ mi.

Monínúọlá lọ̀rẹ́ mi. Ìyìn-Èkìtì ló ń gbé, iṣu ló ń gbìn, irú efùrù kan náà tí ìyá rẹ̀ gbìn kó tó kú. Lọ́dọọdún ló máa ń ṣa èbù, ìyẹn àwọn iṣu tó máa gbìn lọ́dún tó ń bọ̀, á fi imọ̀ ọ̀pẹ bò wọ́n lẹ́yìn ilé. Lọ́dún tí ọkọ rẹ̀ kú, tí oúnjẹ wọ́n wọn gan-an, wọn ò fọwọ́ kan èbù náà.

"Ìyá Pamílẹ́rìn, tètè ta iṣu rẹ o," ni mo wí fún Monínúọlá lórí fóònù.

"Èbù ńkọ́?"

"Tà á mọ́ ọn. Tí tírélà bá dé, ṣebí wàá rí òmíràn rà ní ọ̀pọ̀."

Ọgbọ́n èmi tí mo jáde ìwé mẹ́wàá nìyẹn. Ó sọ fún àdúgbò rẹ̀, àdúgbò sọ fún àdúgbò, gbogbo wọn kó iṣu dé Adó lọ́jọ́ ọjà kan ṣoṣo. Owó iṣu já wálẹ̀, mo rò pé ìròyìn tírélà ló fà á. Mo tilẹ̀ dúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi pé Ọlọ́run ṣí ọ̀rẹ́ mi létí.

Òjò Ẹrẹ́nà rọ̀, a ò rí tírélà kankan. Iṣu gbówó lérí. Ẹni tó ní èbù ò tà. Monínúọlá ti kọ ebè sílẹ̀ lóko, kò sí ohun tó máa fi sínú wọn.

Ó wá sílé mi lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá. Mo ti múra àtikúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́. Àmọ́ ọmọ mi, Olúwarótìmí, wà nílé. Ẹ̀kọ́ ọrọ̀-ajé ló ń kọ́ àwọn ọmọ iléèwé girama, kò sì lè rí ẹkún kó má ṣàlàyé rẹ̀.

"Mọ́mì, tírélà kọ́ ló já owó iṣu wálẹ̀," ó wí fún Monínúọlá. "Gbogbo yín lẹ kó iṣu dé pọ̀, ẹni tó ń rà ò sì pọ̀ sí i. Nígbà tẹ́ ẹ tà á tán, ẹni tó ń rà ṣì wà, iṣu ni ò sí mọ́."

"Mo rí ìyẹn lọ́jà, tíṣà. Ṣé ibi tí mo ti máa rí èbù wà nínú ìwé náà?"

"Ẹ ra òmíràn, mà. Iṣu ni iṣu."

Mo ṣẹ́jú sí i. Kò rí mi.

"Usu ni usu," Monínúọlá wí jẹ́ẹ́. Tó bá ń bínú ni èdè Ìyìn máa ń padà sí i lẹ́nu. "Ti ìyá mi, wọ́n ti gún un jẹ l'Ádó yìí. Ọwọ́ ta ni mo ti máa rà á?"

"Ohun téèyàn bá yàn, mà, ohun tó fi sílẹ̀ nítorí rẹ̀ ni iye tó ná an. Nígbà tẹ́ ẹ yàn láti tà á..."

"Èmi kọ́ ni mo yàn." Ó wò mí fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà. "Ìyá rẹ ló bá mi yàn."

"Ọ̀nà méjì la lè gbà wò ó, mà. Àkọ́kọ́..."

Monínúọlá gbé ife tíì tí kò tíì mu dé ìdajì kalẹ̀, ó mú báàgì rẹ̀. Rótìmí ṣì na ìka kan sókè. Kí orúnkún mi tó kanlẹ̀, mo gbọ́ ìró géètì.