Ọ̀bẹ Tó Ní Tọ́ọ̀ṣì Nídìí

Ṣé ẹ ti rí ọ̀bẹ tó ní tọ́ọ̀ṣì nídìí rí? Èmi ra irú ẹ̀. Orí fóònù ni mo ti rí i, wọ́n gbé e wá bá mi n'Íwòó nínú páálí tó dára ju páálí bàtà ìgbéyàwó mi lọ. Ó ṣeé ká, ó ní ayùn kékeré, ó ní ohun tí wọ́n fi ń ṣí ìgò. Mo ń yẹ̀ ẹ́ wò, orí mi ń wú. Nígbà tí mo gbé e lé bàbá mi lọ́wọ́ lórí ẹní tí àìsàn dá wọn dùbúlẹ̀ sí, wọ́n fi àtàǹpàkò tọ́ ojú ẹ̀ wò, wọ́n yí i sọ́tùn-ún sósì, wọ́n wá bi mí pé èwo ló máa pa ẹran nínú gbogbo ẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní àìsàn ló ń sọ̀rọ̀.

Àgbẹ̀ ni bàbá mi, pańpẹ́ ni wọ́n sì fi ń mú ẹran lóko wa lọ́nà Olúpọ̀nnà. Ọ̀yà tí wọ́n mú níbẹ̀, kò sí ẹni tí kò jẹ nínú ẹ̀ ládùúgbò wa. Nígbà tí àìsàn yìí dé, oúnjẹ ò wọ̀ wọ́n lẹ́nu mọ́. Ọjọ́ karùn-ún tó jẹ́ pé omi ẹ̀kọ lásán ni wọ́n ń mu, wọ́n pè mí, wọ́n ní bí àwọn bá rí omi ọbẹ̀ ọ̀yà, àwọn lè fi tọ́ ẹ̀kọ wò. Wọ́n wá fi ara wọn rẹ́rìn-ín.

"Ọ̀bẹ kì í mú títí kó gbẹ́ èkù ara ẹ̀."

Ẹ lè ní kí ló dé tí mi ò rà á lójú títì. Bàbá mi ò jẹ ẹran tí wọn ò mọ bó ṣe kú rí. Mùsùlùmí ni wá. Ẹran tó bá ti kú kí ọ̀bẹ àti bísímílà tó kàn án, òkúǹbete ni, a kì í jẹ ẹ́. Àwọn tó ń ta ẹran ìgbẹ́ lọ́nà Ilé-Ogbó, ta ló máa jẹ́rìí wọn? Ó di dandan kí n lọ dẹ pańpẹ́ fúnra mi, èmi tíṣà tó jẹ́ pé ṣọ́ọ̀kì nìkan lọwọ́ mi mọ̀.

Bàbá júwe ibi tí mo máa dẹ ẹ́ sí. Wọ́n ní kí n mú ọ̀bẹ àwọn dání. Alágbẹ̀dẹ ló fi ṣípírìn mọ́tò rọ ọ̀bẹ yẹn, wọ́n sì ti pọ́n ọn títí tó fi tín-ín-rín bí ewé ìrèké. Mo wò ó, mo yínmú. Mo fi í sílẹ̀ lábẹ́ ẹní wọn.

Òwúrọ̀ ọjọ́ kẹta, pańpẹ́ mú ọ̀yà ńlá kan lẹ́sẹ̀ ẹ̀yìn. Ó ń wò mí. Inú mi dùn. Mo fi orúnkún tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, mo ṣí ọ̀bẹ, mo ṣe bísímílà, mo fà á. Kò wọlé. Irun ọrùn ọ̀yà le, ọ̀bẹ mi kàn ń yọ̀ lórí ẹ̀ ni. Mo tún fà á. Àdá mi wà lára ọ̀kadà lójú títì, torí èmi ọ̀mọ̀ràn gbà pé ẹni tó ní ọ̀bẹ aláyùn ò nílò àdá. Mo bá fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́, kó má baà já mọ́ mi lọ́wọ́. Nígbà tí ọ̀bẹ máa fi ráyè wọlé, ẹran náà ti rọ̀. Ẹ̀jẹ̀ ò tú. Orúnkún mi ló pa á. Mo jókòó sínú ìrì, mo sunkún, tòun ti irùngbọ̀n mi.

Nílé, ìyàwó mi ní kò sẹ́ni tó rí mi, pé ká sè é, pé Ọlọ́run mọ ọkàn. Mi ò ní purọ́, ọ̀rọ̀ yẹn dùn mọ́ mi létí. Ṣùgbọ́n bàbá ti gbọ́ ìró ọ̀kadà, wọ́n pè mí. Mo dọ̀bálẹ̀. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n bi mí.

"Ṣé ó ń mí nígbà tí ọ̀bẹ wọlé?"

"Bàbá, mi ò mọ̀."

"O mọ̀."

Wọn ò bínú. Ì bá sàn kí wọ́n bínú. Wọ́n ní kí n gbé e fún aládùúgbò wa, Onítẹ̀bọmi tí wọ́n ti jọ ń ṣọ̀rẹ́ láti kékeré, kó má baà ṣòfò.

Lọ́sàn-án, òórùn ọbẹ̀ náà gba orí fẹ́ǹsì wọlé, tata tirú. Mo sáré dìde, mo fẹ́ ti fèrèsé. Bàbá gbé ọwọ́ sókè.

"Ṣí i dáadáa."

Mo ṣí i. Wọ́n dijú, wọ́n fà á símú, wọ́n gbé itọ́ mì.

Mo padà lọ dẹ pańpẹ́ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, ọ̀bẹ wọn ni mo mú dání. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi lọ wò ó, kò mú nǹkan kan. Ọjọ́ kẹrin la sin wọ́n.