Àìsàn Tí Ẹnikẹ́ni Ò Fẹ́ Gbà

Ẹni tó bá ń múra ìdánwò nọ́ọ̀sì láàárín àwa ọmọ ìjọ aláṣọ funfun, kó fi sùúrù sí i. Ọmọ́lẹ́wà, ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Barking, ní London, fẹ́ di nọ́ọ̀sì tó lè yẹ tọmọdé tàgbà wò, kó sì kọ oògùn fún wọn fúnra rẹ̀. Nínú ìdánwò náà, òṣèré ni wọ́n máa ń gbé jókòó síwájú rẹ, á máa ṣe bí aláìsàn, ìwọ á sì wádìí ohun tó ń ṣe é. Ọmọ́lẹ́wà ti fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n ní ńṣe ló ń ka ìbéèrè bí ẹni ń ka àkọ́sórí, pé kò wo aláìsàn rárá. Tó bá tún fìdí rẹmi, ilé ìwòsàn tó gbà á síṣẹ́ á fún ẹlòmíràn láyè rẹ̀.

Ló bá ń wá ẹni tí yóò fi kọ́ṣẹ́ lẹ́yìn ìsìn. Ní ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà!

"Bọ̀dá Láyí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kàn ṣe bíi pé inú ń run yín."

"Inú ta ni? I reject it! Kì í ṣe ìpín mi."

Bọ̀dá Láyí, tó ń wa tírélà ní Dagenham Dock, gbé bàtà rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó sá lọ. Èmi náà kọ̀, kí n má purọ́. Ẹnu ẹni la fi í kọ mé jẹ.

Màmá Bọ́ládé ló ṣàánú rẹ̀. Thames View ni Màmá ń gbé, iṣẹ́ gbígbá ọ́fíìsì ló sì fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣe ní Creekmouth.

"Kó yé ọ o, Lẹ́wà, ara mi le koko. Mò ń ṣojú fún obìnrin kan ni."

Ọmọ́lẹ́wà kúnlẹ̀ kó tó la ẹnu. Mo rẹ́rìn-ín. Aláìsàn òyìnbó wo ló máa kúnlẹ̀ fún?

"Màmá, kí ló ń ṣe obìnrin náà?"

"Tó bá gun àtẹ̀gùn báyìí, èémí rẹ̀ á fẹ́ pin. Ìrọ̀rí mẹ́ta ló fi ń sùn. Tó bá dùbúlẹ̀ gbalaja, á dà bíi pé omi fẹ́ gbé e lọ."

Mo pàtẹ́wọ́. Àṣé Màmá mọ eré ṣe! Ọmọ́lẹ́wà kò pàtẹ́wọ́ ní tirẹ̀. Níbi tó kúnlẹ̀ sí, ẹsẹ̀ Màmá ló dojú kọ, a kì í sáà wọ bàtà nínú ṣọ́ọ̀ṣì wa. Ó fi àtàńpàkò tẹ ọrùn ẹsẹ̀ náà tó wú. Nígbà tó gbé e kúrò, ojú ibẹ̀ jìn, kò sì kún padà. Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu mi.

"Màmá," ó rọra sọ̀rọ̀, "ẹ bá mi sọ fún obìnrin náà pé ó dà bíi pé ọkàn rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ dáadáa mọ́. Kó jẹ́ ká lọ sí hospital, today today."

Màmá fa ẹsẹ̀ náà sábẹ́ aṣọ rẹ̀. "Ó ní ẹ̀rù ń ba òun."

"Ẹ sọ fún un pé ẹ̀rù ń ba èmi náà. A ó jọ lọ ni."

Wọ́n lọ, àwọn dókítà sì dá Màmá dúró síbẹ̀. Lọ́sẹ̀ yẹn kan náà ni Ọmọ́lẹ́wà wọlé ìdánwò. Ó yege! Inú mi dùn débi pé mo sunkún nínú bọ́ọ̀sì. Màmá ni Ọmọ́lẹ́wà kọ́kọ́ pè lórí fóònù, mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Màmá, mo ti yege o! Ara yín ńkọ́?"

Mo ti ń retí "a dúpẹ́" tí gbogbo wa máa ń dáhùn. Màmá kò sọ ọ́.

"Ara mi ò yá, ọmọ mi. Máa bọ̀ wá wò mí."