Òjìji Lẹ́yìn Bàbá Mi

Òórùn yíǹkì tí kò tíì gbẹ lórí ìwé ló máa ń dá mi padà sí ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Carey Street, níbi tí mo dúró sí lẹ́yìn bródà tó ń bá ṣọ́ọ̀ṣì wa ṣe ìwé. Bàbá mi ti sọnù. Mo mú wọn wá sí Monrovia láti Ògbómọ̀ṣọ́ kí n lè máa tọ́jú wọn, nítorí ìgbàgbé arúgbó ti wọ̀ wọ́n lára. Wọ́n jáde nílé wa ní Gardnersville ní àná ọjọ́ náà, wọn ò padà wálé. Yorùbá nìkan ló kù lẹ́nu wọn. Bí aláàánú kan bá tiẹ̀ bi wọ́n pé ilé wọn dà, ta ni yóò gbọ́ èsì?

Bródà mọṣẹ́, n ò ní purọ́. Lórí kọ̀ǹpútà, ó gé bàbá mi kúrò nínú fọ́tò tí mo mú wá, ó yọ àga, ó yọ ògiri, ó gbé wọn sórí funfun. Ó wá fi òjìji sẹ́yìn wọn, ó fà á sọ́tùn-ún díẹ̀, ó jẹ́ kí etí rẹ̀ rọ̀ bí èéfín, títí bàbá mi fi dà bí ẹni tó ń léfòó lórí ìwé. Ó fi òjìji sí “MISSING” tó kọ sókè náà. “Ó gbé wọn yọ dáadáa, mà,” ló wí. Mo ní kó ṣáà tètè tẹ̀ ẹ́. Ta ló ń wo ẹwà nígbà tí ilé ń jó?

Mo lẹ ìwé náà káàkiri títí dé Point Four. Àwọn èèyàn ń wò ó, wọ́n ń ṣí fìlà, wọ́n ń dì mí lọ́wọ́ mú. “Sorry yah, my sister.” Kò sẹ́ni tó bi mí pé ibo ni mo ti rí bàbá kẹ́yìn. Èmi tí ìbínú máa ń ṣáájú ẹkún mi, ó ṣe mí bíi kí n bú gbogbo ìlú.

Ìgbà tí mo padà dé Gardnersville ni obìnrin kan tó ń ta èédú lẹ́bàá ọ̀nà wo ìwé ọwọ́ mi. “But I see this oldman this morning, by the pump. I say no, that one die already.”

“Who told you he died?”

Ó fi ìka kan òjìji náà. “That how they can make dead people picture.”

Mo sáré dé ibi omi ẹ̀rọ. Bàbá ti kúrò níbẹ̀. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo sunkún bí ọmọdé, kí n tó pe bródà. “Ẹ yọ òjìji yẹn. Ẹ gbé bàbá mi padà sórí àga wọn.”

Òun náà ló ń ṣe gbogbo ìwé ìsìnkú ṣọ́ọ̀ṣì wa. “Ẹ má bínú, mà. Ó ti mọ́ mi lọ́wọ́ ni.”

Ó tún un tẹ̀: bàbá lórí àga rọ́bà, sálúbàtà lẹ́sẹ̀, ògiri ilé ìdáná lẹ́yìn wọn. Mo tún lẹ̀ ẹ́ káàkiri. Ilẹ̀ ò tíì ṣú tí awakọ̀ kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kan fi pè mí láti Point Four, ó ní òun rí ìwé lára ògiri, òun sì rí bàbá tó jókòó nítòsí rẹ̀. Ó fi fóònù sí wọn létí. “Ṣé o ti jẹun?” ni bàbá mi bi mí.

Wọ́n lo ọdún díẹ̀ sí i lọ́dọ̀ wa kí wọ́n tó sùn nínú Olúwa. Nígbà tí mo padà lọ sí Carey Street fún ìwé ìsìnkú wọn, bródà ṣí fọ́tò orí àga yẹn, ó gbọ́wọ́ lé máòsì, kò lè béèrè.

“Ẹ fi òjìji sí i báyìí,” mo wí.

Mo dúró lẹ́yìn rẹ̀, mo ń wo bí bàbá mi ṣe ń kúrò lórí àga wọn. Gbogbo ilé ti ń kí mi kú ọ̀fọ̀ láti àárọ̀, n ò sì gbà. Níbẹ̀ ni mo gbà.