Ẹni Tó Fi Orí Ara Rẹ̀ Wọn Àgò Irin

Láti ọjọ́ tí Ọ̀gá Wẹ́dà ti wọ́ òkú ọkọ̀ yẹn dé ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ni àwọn aládùúgbò ti ń wò ó bí ẹni tí nǹkan ń ṣe. Ọkọ̀ olówó ni tẹ́lẹ̀, irú ọkọ̀ pẹlẹbẹ tí ilẹ̀kùn rẹ̀ kò ju méjì lọ, tí ariwo rẹ̀ máa ń jí ọmọ ọwọ́ lójú oorun. Olówó lò ó gbó, ó fi gbá ògiri, ó sì gbàgbé rẹ̀ sínú koríko lẹ́yìn ilé ẹni tó ń ta àlòkù. Imú rẹ̀ ti wó, òjò ti mu inú rẹ̀ yó, adìyẹ sì ti yé ẹyin sínú búútù. Ọ̀gá Wẹ́dà wò ó, ó rẹ́rìn-ín bí ẹni tó rí àfẹ́sọ́nà. Ó ní òun máa sọ ọ́ di ọkọ̀ eré ìje, òun fúnra òun ni òun ó sì wà á.

"Ta lẹ fẹ́ bá sáré?" ìyàwó rẹ̀ bi í. "Ṣé ẹnì kan ń lé yín ni?"

Obìnrin kúkúrú ni ìyàwó yìí, bọ́ọ̀sì ilé ìwé ló ń wà, Dẹ́rẹ́bà sì ni ọkọ rẹ̀ àti gbogbo àdúgbò ń pè é. Orúkọ tí òun náà sọ ọkọ̀ náà ni Orogún Mi. Bí ọkọ rẹ̀ bá pẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù, yóò ránṣẹ́ pé kí Orogún òun jọ̀ọ́ kó dá bàbá padà, oúnjẹ ti ń tutù.

Ìdí tí Ọ̀gá Wẹ́dà fi ń kánjú, kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ojú rẹ̀ ń lọ. Láti kékeré ló ti ń jó irin, iná tó sì ti fojú lásán wò nígbà tó ṣì jẹ́ ọmọṣẹ́, tó ń fi í yangàn, ti ń gba gbèsè rẹ̀. Dókítà ojú sọ fún un pé ohun tó ti lọ kò ní padà, pé èyí tó kù náà ti múra ìrìn. Ojú lọba ara, ẹ̀yin náà mọ̀. Ọba tiẹ̀ ti ń di ẹrù, ó sì ń bo ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀ bí ẹni tó ń bo òkú ológbò.

Ẹgbẹ́ kan wà tí wọ́n ń fi àlòkù ọkọ̀ sáré ìje lórí pápá ọkọ̀ òfurufú àtijọ́ kan. Aláìlówó bíi tirẹ̀ ni wọ́n, mẹkáníìkì, kọ́lékọ́lé, olùkọ́. Láti ìgbà tó ti wà lọ́mọdé ló ti ń dúró lẹ́bàá ọgbà wáyà wọn tó ń wòran. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, wọ́n yẹ ojú rẹ̀ wò, ó là á kọjá tipátipá, wọ́n fún un ní káàdì awakọ̀. Bí ọdún bá yí, wọ́n á tún yẹ ojú wò, ó sì mọ̀ pé òun ò ní là á kọjá mọ́. Ìje kan péré ló kù lọ́dún yẹn. Bí kò bá sá a, kò tún ní sáré láéláé.

Òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni wọ́n tún ọkọ̀ náà ṣe. Mẹkáníìkì ni ọ̀rẹ́ yìí, wọ́n ń pè é ní Òótọ́-Korò, nítorí kò lè purọ́ fún oníbàárà kódà kí ebi máa pa á. Wọ́n tú gbogbo ohun ìgbádùn inú ọkọ̀ náà dànù, rédíò, kápẹ́ẹ̀tì, ìjókòó ẹ̀yìn. Bẹ́líìtì tó ń gbá awakọ̀ mọ́ra, inú ọkọ̀ mìíràn tó ti jóná ni wọ́n ti tú u. Ẹ́ńjìnì ni Òótọ́-Korò mú, Ọ̀gá Wẹ́dà sì mú iṣẹ́ irin, pàápàá àgò irin tí wọ́n ń mọ yí awakọ̀ ká kí ọkọ̀ má baà tẹ̀ ẹ́ pa bó bá yí gbirigbiri.

Ibẹ̀ ló ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ara rẹ̀. Nọ́ńbà ara téépù ti di èèrà lójú rẹ̀, ìtìjú kò sì jẹ́ kó ní kí ẹlòmíràn bá òun kà á. Ó fi téépù sílẹ̀, ó ń fi ìka àti àtẹ́lẹwọ́ wọn nǹkan. Nígbà tó kan irin tó máa kọjá lókè orí awakọ̀, ó wọlé jókòó, ó nàró ṣánṣán, ó na ọwọ́ sókè. Ìka mẹ́rin gba àárín orí rẹ̀ àti irin. Ó ní ó tó, ó sì jó irin náà mọ́ra. Ẹ gbà mí o! Ẹni tó ti ń dé ìbòjú irin lórí ṣiṣẹ́ láti kékeré gbàgbé pé awakọ̀ ìje kì í wa ọkọ̀ lórí òfo, akoto ló ń dé.

Nígbà tó lọ sí ọjọ́ ìkọ́ni ẹgbẹ́ náà, ó mú ìyàwó rẹ̀ dání. Bí wọ́n bá gbé àsíá tí wọ́n fi ń pàṣẹ fún awakọ̀ sókè lọ́nà jíjìn, á bi í pé, "Dẹ́rẹ́bà, àwọ̀ wo nìyẹn?" bí ẹni tó ń dán an wò. Obìnrin náà mọ gbogbo àsíá tán, wọ́n sì fún òun náà ní káàdì, nítorí ẹgbẹ́ ń fẹ́ orúkọ awakọ̀ méjì fún ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ó fi káàdì náà sínú pọ́ọ̀sì, ó ń fi ọkọ rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́.

Ọjọ́ ìje pé. Aláyẹ̀wò ẹgbẹ́, ọkùnrin tínínrín kan tó gbé igi gígùn dání, yẹ bíréèkì wò, ó yẹ bẹ́líìtì wò, ó yìn ín. Ó wá ní kí Ọ̀gá Wẹ́dà wọlé, kó dé akoto. Ó gbé igi náà lé orí àgò, láti irin iwájú dé irin ẹ̀yìn. Akoto ta igi náà sókè.

"Ẹ má bínú, bàbá," ó ní. "Bí ọkọ̀ yìí bá yí, ọrùn yín ló máa gbé e. Ẹ rẹ ìjókòó yẹn sílẹ̀ kí wọ́n tó fọn fèrè, àbí kẹ́ ẹ máa gbé e lọ sílé."

Ara Ọ̀gá Wẹ́dà tutù. Ó rò ó pé omi ti tán lẹ́yìn ẹja. Ó kó irinṣẹ́ jáde, ó gé ẹsẹ̀ ìjókòó náà kúrú, ó bo ojú, ó kúnlẹ̀ láti jó o mọ́ ilẹ̀ ọkọ̀. Ìka rẹ̀ ń wá ojú ibi tó fẹ́ jó.

"Gbé e wá kí n jó o," Òótọ́-Korò ní.

"Ṣé ìwọ ni wẹ́dà ni àbí èmi?"

Iná ṣẹ́yọ, ó ń ta pàrà. Nígbà tó parí, ó dìde, ó nu òógùn. Dẹ́rẹ́bà fi ọwọ́ kan fa ìjókòó náà wò. Ó tẹ̀ lé e wá bí ìdérí ìkòkò. Irin tí ọkọ rẹ̀ yọ́ wà lórí ilẹ̀ ọkọ̀ lọ́tọ̀, ó gún régé, kò kan ìjókòó níbì kankan.

Dẹ́rẹ́bà wo ilẹ̀, ó wo ojú ọkọ rẹ̀, ọ̀rọ̀ àsíá sì yé e lójijì.

"Láti ìgbà wo?" ó bi í.

Ọ̀gá Wẹ́dà bú sẹ́kún. Gbogbo ẹnu tó fi ń pàṣẹ fún irin ti lọ. "Jẹ́ kí n sá eléyìí nìkan," ó ń bẹ̀ ẹ́. "Ẹ̀ẹ̀kan péré, Dẹ́rẹ́bà. Mi ò ní bèèrè nǹkan mìíràn mọ́ láyé."

"Ẹ yéé sunkún. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran."

"Ẹni tójú rẹ̀ dá lọ̀rọ̀ yẹn wà fún."

Òótọ́-Korò gba iná lọ́wọ́ rẹ̀, ó jó ìjókòó náà. Wọ́n da omi sí i, Ọ̀gá Wẹ́dà fi ìka tọ ojú irin náà yíká. "Ó burẹ́wà," ó ní, "ṣùgbọ́n ó lẹ̀ dáadáa." Aláyẹ̀wò padà wá, ó tún gbé igi rẹ̀ lé orí àgò, kò kan akoto mọ́. Ó lẹ̀ ìwé mọ́ ara ọkọ̀, ó kọjá lọ. Kò mọ nǹkan kan. Àwọn méjèèjì tó mọ̀ sì dákẹ́.

Wọ́n di bẹ́líìtì mọ́ Ọ̀gá Wẹ́dà láyà. Ohun tó ti ń wá láti ọmọdé ló jókòó sí yìí, ẹ́ńjìnì ń gbọ̀n lábẹ́ ìdí rẹ̀, ó fẹ́ràn rẹ̀ débi pé àyà ń dùn ún. Dẹ́rẹ́bà tẹ̀ sí fèrèsé.

"Àsíá wo ni ọkùnrin iwájú yẹn gbé sókè?" ọkọ rẹ̀ bi í.

"Ẹ wò ó fúnra yín."

Ó wò ó. Ó fún ojú pọ̀, ó la ojú, ó tún wò ó. Iwájú dà bí ilé tí èéfín kún. Ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, olùkọ́ kan nínú ọkọ̀ mìíràn ń juwọ́ sí ẹni tó bá a wá, ó ń pariwo pé kí wọ́n má jẹ oúnjẹ òun tán. Ọ̀gá Wẹ́dà gbọ́ ohùn rẹ̀ dáadáa. Ojú ọkùnrin náà ni kò rí.

Ọwọ́ rẹ̀ wá ìdè bẹ́líìtì, ó tú u.

"Dẹ́rẹ́bà, wọlé."

"Èmi kẹ̀?"

"Ìwọ náà ní káàdì. Wọlé, kí n tó yí ọkàn padà."

Wọ́n ká aṣọ awọ tí ọkọ rẹ̀ fi ń ṣiṣẹ́ sí abẹ́ rẹ̀ àti ẹ̀yìn rẹ̀ kó lè ga díẹ̀. Wọ́n pe aláyẹ̀wò padà, igi rẹ̀ kọjá lókè akoto, àyè ṣì kù. Dẹ́rẹ́bà di sítíà mú bí ẹni tó fẹ́ kó ọmọ lọ sílé ìwé. "Ó dàárọ̀ o," ó ní. "Èmi àti orogún mi ń lọ."

Ọ̀gá Wẹ́dà dúró lẹ́bàá ọgbà wáyà, níbi tó ń dúró sí nígbà tó wà lọ́mọdé. Fèrè dún. Àwọn ọkọ̀ bú ramúramù kọjá, gbogbo wọn sì jẹ́ òjìji kan náà lójú rẹ̀. Ó ń fetí wá tirẹ̀. Nígbà tí ariwo àwọn tó kù ti jìnnà, èyí tó mọ̀ wá ń bọ̀, tó ń kùn bó bá yí jíà, gẹ́gẹ́ bó ṣe ń kùn ní ṣọ́ọ̀bù. Ó di apá ọ̀rẹ́ rẹ̀ mú.

"Òótọ́-Korò, òun nìyẹn. Báwo ló ṣe rí?"

Kò sígbà tó wu ọkùnrin yẹn láti purọ́ tó bẹ́ẹ̀ rí. Ó gbé irọ́ náà mì.

"Ó dọ̀tí," ó ní. "Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti ha. Ẹ̀yìn gbogbo wọn ló wà."

"Ṣùgbọ́n ṣé ó ń sáré?"

"Ó ń sáré, ọ̀rẹ́ mi. Ó ń sáré gan-an."