Ẹsẹ̀ Oníka Mẹ́rin Nínú Eérú

Òórùn ọkà kíkan ló máa ń jí wa ní Kotobabi. Kílẹ̀ tó mọ́ dáadáa ni Màmá Dédé, ọmọ Gá tó ni ilé tí a ń gbé, ti máa ń dáná sábẹ́ àwọn àgbá tó fi ń se kẹ́ńkẹ́, ẹ̀kọ àgbàdo kíkan tí wọ́n ń fi háhá dì. Òórùn náà á gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé, á bá wa lórí ẹní. Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà ní Accra, mo mọ̀ pé imú yín kò tíì gbàgbé. Lẹ́yìn òórùn yẹn ni ariwo ẹ̀rọ ìránṣọ bàbá mi máa ń tẹ̀ lé e, nítorí télọ̀ ni, kì í sì í jẹun kó tó rán nǹkan kan. Láàárọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí, òórùn wọlé bó ti yẹ, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kò dún. Ó di ọjọ́ kẹta tí bàbá mi ti pòórá.

Mo mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí, kò sì sí ohun tí mi ò mọ̀ nígbà yẹn. Bàbá mi ti kú tipẹ́, àkúdàáyà ló ń bá wa gbé.

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ìyá mi ló fi ìtàn àkúdàáyà kún mi létí. Accra ni wọ́n bí i sí, kò fojú kan Nàìjíríà rí, ṣùgbọ́n gbogbo ohun tó ń dẹ́rù bani nílé baba rẹ̀ ló mọ̀. Tó bá ń dirun fún mi lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, á máa sọ ti ọkùnrin tó kú ní ọ̀dọ́ ní ìlú rẹ̀, tó wá lọ tẹ̀dó sí ìlú mìíràn, tó gbéyàwó, tó bímọ, tó ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ jẹ́jẹ́. Ọjọ́ tí ará ilé rẹ̀ tó mọ̀ pé ó ti kú bá fojú kàn án ló máa pòórá, àfi ẹ̀wù rẹ̀ nìkan ni wọ́n á bá nílẹ̀. Mo máa ń fọwọ́ di etí, ìyá mi á sì fi òòyà kàn mí lórí pé kí n gbé orí dúró.

Àmì rẹ̀ sì pọ̀ lára bàbá mi. Gbogbo Alátà, bí wọ́n ṣe ń pe àwa ará Nàìjíríà, tó wà ládùúgbò ló ń gba lẹ́tà láti ilé, àfi òun. Tí mo bá bi í nípa ìyá rẹ̀ ní Ṣakí, á ní, "Wọ́n wà," á sì tẹ ẹ̀rọ mọ́lẹ̀ kó má baà gbọ́ ìbéèrè kejì. Ẹ̀rọ yẹn náà, kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Láyí, àbúrò mi, ọmọ ọdún márùn-ún, yí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ṣeré lọ́jọ́ kan, bàbá tí kì í na ẹnikẹ́ni sì nà án. Lẹ́yìn náà ó jókòó, ó ń sunkún ju ọmọ tó nà lọ.

Nígbà tí ìjọba wá kéde pé kí àjèjì tí kò bá ní ìwé ìgbélùú kúrò ní Ghana láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ilé wa dàrú. Ìyá mi ń ta ọṣẹ àti mílíìkì alágolo lọ́jà. Àwọn tó ti ń pè é ní àǹtí láti ọjọ́ pípẹ́ wá ń bi í pé ọjọ́ wo ló ń lọ. Ó ní ká tètè wá àyè nínú lọ́rì, bàbá mi ní ká ṣe sùúrù. Ìyá mi ní ọlọ́pàá kò ní ṣe sùúrù ní tiwọn.

"Bàbá Àmọ̀kẹ́," ló sọ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, "tí ẹ kò bá fẹ́ mú wa dé ilé yín, ẹ sọ ọ́ kí n gbọ́."

Bàbá mi tẹ ẹ̀rọ mọ́lẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, ìyá mi pàdé Bàbá Rájí lọ́jà, ará Ṣakí kan tó ń kó orúkọ àwọn ará ìlú rẹ̀ jọ fún lọ́rì tó máa gbéra ní Sátidé. Inú ìyá mi dùn, ó júwe ilé wa fún un. Ọ̀sán ni ọkùnrin náà dé. Bàbá mi ń rán aṣọ tí mo máa wọ̀ rìnrìn àjò, èmi àti Láyí ń ṣa háhá àgbàdo fún Màmá Dédé lẹ́nu ọ̀nà. Ó kígbe àgò, ó yọjú wo yàrá ìránṣọ. Fìlà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Jímọ̀?" ló wí. "Jímọ̀ tí a ti sin?"

Kò dúró gbọ́ èsì. Ó fi fìlà sílẹ̀, ó sáré gba ojú títì lọ. Kí n tó wẹ̀yìn, bàbá mi náà ti gba ẹ̀yìnkùlé lọ. Aṣọ mi ṣì wà lábẹ́ abẹ́rẹ́, bàtà rẹ̀ wà lábẹ́ ẹ̀rọ, ẹ̀wù rẹ̀ kọ́ sára ìṣó. Bí ìyá mi ṣe máa ń sọ ọ́ náà ló rí.

Mi ò sọ fún un. Ta ni yóò sọ fún ìyá rẹ̀ pé òkú ló fẹ́? Mo kàn ní àlejò kan wá, bàbá sì jáde. Ìyá mi wá a dé Sabon Zongo, ó wá a dé Tema, wọ́n ní àwọn kò rí i. Ó gbà pé ó sá fún wa ni. Ó ń di ẹrù, kò sunkún lójú wa, ṣùgbọ́n ó ń ká aṣọ kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀mẹta. Bí bàbá kò bá dé kí lọ́rì tó gbéra, àwa mẹ́ta la máa lọ sí ìlú tí a kò ti mọ ẹnì kankan. Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni pé, bó bá jẹ́ òkú ló bí mi, kí ni èmi alára? Mo máa ń fọwọ́ sí àyà mi wò bóyá ó ń lù.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, mo bu eérú nídìí ààrò, mo fọ́n ọn ká ẹnu ọ̀nà yàrá ìránṣọ. Mi ò rántí ẹni tó sọ fún mi pé ẹsẹ̀ òkú kì í hàn nínú eérú. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ èmi ni mo sọ fún ara mi.

Láàárọ̀ ọjọ́ kẹta yẹn, mo yọ́ dé ibẹ̀. Aṣọ mi kò sí lábẹ́ abẹ́rẹ́ mọ́. Ẹnì kan ti fi ọwọ́ rán etí rẹ̀ parí, ó ká a dáadáa, ó gbé e lé orí ẹ̀rọ. Ìtọ̀ bọ́ lára mi, mi ò ní purọ́. Nígbà náà ni mo wo ilẹ̀, mo rí ipa ẹsẹ̀ nínú eérú, èyí tó wọlé àti èyí tó jáde, ti òsì sì ní ìka mẹ́rin péré. Bàbá mi kò ní ìka tó kéré jù ní ẹsẹ̀ òsì. Èmi àti Láyí máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

Mo tọ ipa eérú náà lọ. Ó gba ẹ̀yìn balùwẹ̀, ó dópin ní àtíbàbà kẹ́ńkẹ́. Màmá Dédé na apá dí mi lọ́nà.

"Àmọ̀kẹ́, lọ sùn," ló wí, ní Yorùbá rẹ̀ tó máa ń dún bíi Gá. "Kò sí nǹkan níbí."

Mo gba abẹ́ apá rẹ̀ kọjá. Lẹ́yìn àgbá tó kẹ́yìn, láàárín òkìtì háhá, bàbá mi jókòó, ó ń fi kẹ́ńkẹ́ run ata.

"Bàbá," mo ní, "ṣé ẹ ti kú ni?"

Ó gbé òkèlè sílẹ̀, ó wò mí títí. Òógùn ń ṣàn níwájú orí rẹ̀, èéfín ń mú un wúkọ́. Mo fọwọ́ kàn án, ó gbóná.

"Rárá," ló wí. "Ojú ló ń tì mí."

Ibẹ̀ ló ti sọ ọ́ fún mi. Nígbà tó wà ní ọ̀dọ́, ó gbé ẹ̀rọ ìránṣọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láìtọrọ, ó wọ lọ́rì tó ń bọ̀ ní Accra. Lọ́rì náà dojú dé lọ́nà, ibẹ̀ ni ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ kù sí. Wọ́n ròyìn fún ìyá rẹ̀ nílé pé kò sẹ́ni tó yè, ìyá rẹ̀ sì sin ẹ̀wù rẹ̀ dípò òkú. Nígbà tí bàbá mi gbọ́, ó rò pé ó sàn kí wọ́n máa sunkún òkú ju kí wọ́n máa bú olè lọ. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe di òkú ní Ṣakí, tó sì di télọ̀ ní Kotobabi.

"Láti ọjọ́ tó ti sá wá síbí ni mo ti ń sọ pé kó lọ bá ìyàwó rẹ̀," ni Màmá Dédé wí. "Kẹ́ńkẹ́ mi nìkan ló ń jẹ, kì í gbọ́ràn."

"Ẹ jẹ́ ká gbé ẹ̀rọ náà padà fún wọn," mo ní. Lójú tèmi, ọ̀rọ̀ náà ti parí. Bàbá mi rẹ́rìn-ín, ó sunkún, ó sì fà mí lọ́wọ́ dìde.

Ìgbálẹ̀ wà lọ́wọ́ ìyá mi, ó ń gbá eérú mi kúrò. Bàbá mi kúnlẹ̀ síbẹ̀, ó tún gbogbo rẹ̀ sọ. Ìyá mi ju ìgbálẹ̀ sílẹ̀.

"Ẹ̀rọ ìránṣọ ni gbogbo èyí?" ló bi í. "Èmi rò pé ìyàwó lẹ ní sílé. Ẹ dìde, ẹ wá di ẹrù."

Ní Sátidé, bàbá mi gbé ẹ̀rọ náà lé itan, kò sọ ọ́ kalẹ̀ títí a fi dé Ṣakí. Bàbá Rájí jókòó sí ìpẹ̀kun lọ́rì, ó ń yọ́ wo ẹsẹ̀ bàbá mi. Màmá Dédé ti di kẹ́ńkẹ́ fún wa, ó sì dúró lójú ọ̀nà títí a kò fi rí i mọ́. Nígbà tí a délé, àwọn kan sá. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi nìkan ló jáde, ó tẹ̀ ẹ́ lápá wò, ó tún tẹ̀ ẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀rọ yín rèé."

Ẹ̀gbọ́n náà yí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. "O ń fi epo sí i," ló wí, ó sì dì mọ́ àbúrò rẹ̀. Ẹ̀rọ náà kò kúrò lọ́wọ́ bàbá mi títí tó fi kú lóòótọ́, lẹ́yìn ọdún gbọọrọ.

Mo ti dàgbà ju bí bàbá mi ṣe dàgbà nígbà náà lọ. Lẹ́yìn ikú rẹ̀, nígbà tí Láyí rìnrìn àjò, mo lọ gbé ẹ̀rọ náà kúrò nílé rẹ̀ ní Ṣakí wá sí ilé mi ní Ìbàdàn. Mi ò tọrọ. Mo ní èmi ni àkọ́bí. Láyí ń pè mí lórí fóònù, mo ń wo orúkọ rẹ̀ títí á fi dákẹ́, ọdún mẹ́rin sì kọjá bẹ́ẹ̀. Ọmọ tó gba abẹ́ apá Màmá Dédé kọjá lọ bi òkú léèrè ọ̀rọ̀, kò mọ bí wọ́n ṣe ń sá pamọ́. Èmi àgbàlagbà ni mo wá kọ́ ọ.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo gbé ẹ̀rọ náà lé itan nínú mọ́tò, ó di ẹnu ọ̀nà Láyí ní Ṣakí. Irun rẹ̀ ti funfun tán. Ó wo ẹ̀rọ, ó wò mí.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ló wí, "mo ti rò pé ẹ ti kú."

"Rárá," mo ní. "Ojú ló ń tì mí."